Bí A Ṣe Ń Kọ́ Iṣẹ́ Ère, Iṣẹ́ Irin àti Ọnà Tí A Lè Yí Po ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ère, iṣẹ́ irin àti àwọn ọnà mìíràn tí a lè yí po kí a sì wò láti ẹ̀gbẹ́ gbogbo, ní láti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìwé àti tábìlì nìkan kò tó fún ẹ̀kọ́ yìí. Ó nílò ìléru tó lè yọ́ bàbà, ó nílò gáàsì àti iná mànàmáná tó lágbára, ó nílò ilẹ̀ tó lè gba ìwúwo òkúta, ó sì nílò ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n dunjú. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní, tí ó ṣòro kí ẹnì kan ṣoṣo ní nínú ilé rẹ̀. Nítorí náà, orí ohun kan ni gbogbo ìmọ̀ràn tó wà nísàlẹ̀ yìí dúró lé: yàrá iṣẹ́ ni ọkàn ẹ̀kọ́ náà, ohun èlò tí ẹ ń fi ọwọ́ kàn ni yóò sì sọ bí ẹ ó ṣe pín àkókò yín.

Yíyan ilé-ẹ̀kọ́

Orúkọ tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ń pe ẹ̀kọ́ yìí yàtọ̀ síra. Àwọn kan ń pè é ní ẹ̀kọ́ ère, àwọn mìíràn ya iṣẹ́ irin àti iṣẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ sọ́tọ̀, àwọn mìíràn sì kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ amọ̀, igi àti gíláàsì. Ẹ má ṣe wo orúkọ náà púpọ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ wádìí ni àwọn ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe níbẹ̀, iye wákàtí tó lè lò nídìí wọn, àti ẹni tí yóò dúró tì í nígbà tó bá ń ṣe wọ́n.

Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́, nítorí pé ní ọjọ́ tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn fún àlejò, wọn yóò ti gbá gbogbo ibẹ̀ mọ́. Ẹ wo ìléru dáadáa: ṣé ẹnu rẹ̀ àti inú rẹ̀ fi hàn pé wọ́n ń dáná sí i, àbí páálí ni wọ́n kó jọ síwájú rẹ̀? Ẹ wo ẹ̀rọ tó ń fa èéfín síta lórí ibi tí wọ́n ti ń jó irin pọ̀, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tàn án kí ẹ gbọ́ ọ. Ẹ yọjú wo àgbá tí wọ́n ń da àjákù irin sí, torí pé bí ó bá kún fún irin, bàbà àti idẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọdún àṣekẹ́yìn sọ̀rọ̀. Ẹ bi wọ́n pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń da idẹ lọ́dún, ẹni mélòó ló ń pín ẹ̀rọ ìjórin kan lò, àti bóyá yàrá iṣẹ́ máa ń ṣí ní ìrọ̀lẹ́ àti ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ bi wọ́n bákan náà bóyá owó ilé-ẹ̀kọ́ ti kó amọ̀, gáàsì àti irin mọ́ra, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò máa rà wọ́n fúnra rẹ̀, nítorí pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì lè pọ̀ gan-an kí ẹ tó parí ẹ̀kọ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí wọn kì í sábà dúró níwájú kíláàsì, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀rọ, tí wọ́n ń dáná sí ìléru, tí wọ́n sì ń fi bí a ṣe ń di irinṣẹ́ mú han akẹ́kọ̀ọ́. Lójú tèmi, àwọn wọ̀nyí ni ìṣúra ilé-ẹ̀kọ́ ọnà. Olùkọ́ lè bi yín ní ìbéèrè tó jinlẹ̀ nípa ìtumọ̀ iṣẹ́ yín, ìyẹn sì dára, ṣùgbọ́n ọ̀gá yàrá iṣẹ́ ni yóò sọ fún yín pé ẹsẹ̀ ère yín ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù, kò ní gbé ìyókù dúró. Ibi tí irú wọn bá ti pọ̀, tí wọ́n sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ, kódà bí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà kò bá lókìkí tó ti òmíràn.

Àkójọ iṣẹ́ tí ẹ ó fi wọlé

Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò béèrè fún àkójọ iṣẹ́ kí wọ́n tó gba akẹ́kọ̀ọ́. Kò pọn dandan kí idẹ tàbí òkúta wà nínú rẹ̀, nítorí pé àwọn tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò mọ̀ pé ẹ kò tíì ní ìléru. Ohun tí wọ́n ń wá ni ẹ̀rí pé ẹ ń fi ọwọ́ ronú. Páálí tí ẹ gé tí ẹ sì so pọ̀, wáyà tí ẹ tẹ̀, ọṣẹ tí ẹ gbẹ́, igi àjákù, amọ̀ tí kò tíì wọ iná, gbogbo wọn ló tó, bí ó bá ṣáà ti hàn nínú wọn pé ẹ gbìyànjú ohun kan, tí ẹ wò ó, tí ẹ sì tún un ṣe.

Ẹ ya fọ́tò iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ó kéré tán, níwájú aṣọ tàbí ògiri tí kò ní àwòrán lára, kí ìmọ́lẹ̀ sì wá láti ẹ̀gbẹ́ kan kí òjìji lè fi gíga àti kòtò rẹ̀ hàn. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wá tààrà láti iwájú máa ń mú kí ère rí pẹlẹbẹ. Ẹ jẹ́ kí ó hàn bí iṣẹ́ náà ti tóbi tó, yálà nípa gbígbé ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tàbí nípa kíkọ ìwọ̀n rẹ̀ sábẹ́ fọ́tò. Ẹ fi àwòrán tí ẹ fi ọwọ́ yà kún un, pàápàá àwọn èyí tí ẹ yà nígbà tí ẹ ń wo nǹkan gidi, kí ẹ sì fi ojú ìwé mélòó kan nínú ìwé ìyàwòrán yín hàn bí wọ́n ṣe wà, pẹ̀lú ohun tí ẹ wọ́gi lé.

Bí wọn kò bá gbà yín lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ rántí Auguste Rodin, oníṣẹ́ ère ará Faransé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbìyànjú láti wọ École des Beaux-Arts, ilé-ẹ̀kọ́ ọnà kan ní Paris, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọn kò gbà á. Ìṣòro mìíràn tún dé bá a ní ọdún 1877, nígbà tó gbé ère ọkùnrin kan jáde tó jọ ènìyàn dé ibi pé àwọn kan fẹ̀sùn kàn án pé ara ènìyàn gidi ló fi ṣe mọ́ọ̀dù rẹ̀, ìyẹn ohun tí inú rẹ̀ ṣófo tí a ń da ohun èlò sí kí ó lè mú ìrísí rẹ̀.

Ọdún kìíní: ẹ fi ọwọ́ kan gbogbo nǹkan

Nígbà tí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ ọnà Bauhaus sílẹ̀ ní Weimar, ní orílẹ̀-èdè Jámánì, ní ọdún 1919, wọ́n fi ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ kan sí i tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe kí ó tó wọ yàrá iṣẹ́ kan pàtó. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ọnà ṣì ń tọ ipa ọ̀nà yẹn: ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nídìí amọ̀, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nídìí igi, POP (ìyẹ̀fun funfun tó ń le bí a bá fi omi pò ó), irin àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti pinnu láti ilé pé irin nìkan ni òun fẹ́ máa ń rò pé àkókò òun ń ṣòfò. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Marianne Brandt kọ́ àwòrán kíkùn àti iṣẹ́ ère kí ó tó wọ Bauhaus ní ọdún 1924, ní ọdún 1928 ló sì di ẹni tó ń darí yàrá iṣẹ́ irin wọn. Ẹni tó bá ti mọ bí amọ̀ ṣe ń tẹ̀ yóò mọ ohun tí yóò béèrè lọ́wọ́ irin.

Amọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Bí ère tí ẹ fẹ́ mọ bá ga, tí ẹ kò sì ní sun ún, ẹ kọ́kọ́ ṣe egungun rẹ̀ pẹ̀lú irin tàbí wáyà tó lágbára, kí ẹ dè é mọ́ pákó, kí ẹ tó lẹ amọ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá fẹ́ sun ún, kò gbọdọ̀ sí irin nínú rẹ̀, nítorí pé amọ̀ máa ń sún kì bó ti ń gbẹ, irin kò sì ní bá a sún kì, yóò wá là. Ère tí ẹ ó sun gbọ́dọ̀ ní ihò nínú, kí ara rẹ̀ má ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 lọ ní nínípọn, kí nínípọn náà sì dọ́gba káàkiri bí ó bá ti ṣeé ṣe tó. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ọ̀rá fún ọjọ́ púpọ̀. Omi tó bá ṣẹ́kù sínú amọ̀ tó nípọn yóò di oru nígbà tí ooru bá kọjá 100°C, bí kò bá sì rí ọ̀nà jáde, yóò fọ́ iṣẹ́ náà, yóò sì tún ba iṣẹ́ ẹlòmíràn tó wà nínú ìléru kan náà jẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀gá yàrá iṣẹ́ kì í fi í gba iṣẹ́ tó bá ṣì tutù nígbà tó bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án.

POP ni ohun èlò kejì tí ẹ kò lè yẹ̀ sílẹ̀, nítorí òun ni a fi ń ṣe ọ̀pọ̀ mọ́ọ̀dù. Omi ni ẹ ó kọ́kọ́ bù, kì í ṣe ìyẹ̀fun. Ẹ da omi tútù sínú ọpọ́n rọ́bà tó rọ̀, kí ẹ máa fi ọwọ́ wọ́n ìyẹ̀fun náà sójú omi káàkiri, láìrò ó, títí yóò fi ṣẹ́ òkìtì kéékèèké lójú omi tí kò ní rì mọ́. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì kí ó mumi dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ ọpọ́n, kí ẹ rọra máa rò ó láti ibẹ̀, láìjẹ́ kí ọwọ́ yọ sójú omi, kí afẹ́fẹ́ má baà wọ inú rẹ̀. Nígbà tí ìka tí ẹ fà kọjá lójú rẹ̀ bá fi ipa tí kò tètè parẹ́ sílẹ̀, àkókò àtidà á ti tó. Ní nǹkan bíi ìdajì wákàtí, yóò ti le, yóò sì gbóná. Ooru yẹn kì í ṣe ohun àfiṣeré: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bọ inú àgbá POP tó nípọn kí ó sì dúró kí ó le, nítorí pé ó lè jó awọ ara gan-an, ọwọ́ tó sì ti há sínú rẹ̀ kò ṣeé fà yọ. Bákan náà, ẹ má ṣe da àṣẹ́kù rẹ̀ sínú páìpù omi. Ẹ jẹ́ kí ó le nínú ọpọ́n, kí ẹ tẹ ọpọ́n náà, yóò sì já fúnra rẹ̀.

Kí ẹ tó da POP lé orí iṣẹ́ kankan, ẹ fi ojú wá ibi tí iṣẹ́ náà ti wọnú, bí abẹ́ àgbọ̀n tàbí ẹ̀yìn etí, nítorí ibẹ̀ ni mọ́ọ̀dù yóò há sí. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ pín mọ́ọ̀dù náà sí ègé púpọ̀, tàbí kí ẹ lo rọ́bà tó ń tẹ̀ fún inú rẹ̀, kí POP sì di òde mú. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi kọ́ bí a ṣe ń pín mọ́ọ̀dù dára ju oṣù tó fi ń ka ìwé nípa rẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ irin

Ọ̀nà mẹ́ta ni a ń gbà ṣe irin: a lè lù ú, a lè jó o pọ̀, a sì lè yọ́ ọ kí a dà á.

Nínú lílù, bàbà ni ó dára láti fi bẹ̀rẹ̀, torí pé ó rọ̀. Ṣùgbọ́n bí òòlù ṣe ń bà á ni yóò máa le, tí ẹ kò bá sì dáwọ́ dúró, yóò ya. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta òòlù padà, tí ohùn rẹ̀ sì ti yí padà, ẹ fi iná sí i títí yóò fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kí ẹ sì tì í bọ omi. Yóò tún rọ̀. Irin tó ní èédú nínú, irú èyí tí a fi ń ṣe ọ̀bẹ, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: bí ẹ bá mú un pupa tí ẹ sì tì í bọ omi, yóò le gan-an, yóò sì lè ṣẹ́ bí ẹ bá jẹ́ kí ó bọ́ lulẹ̀. Iná kan náà, omi kan náà, ṣùgbọ́n àbájáde wọn lòdì síra. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe méjèèjì ní ọjọ́ kan kò tún ní gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Nínú ilé arọ, àwọ̀ ni òṣùwọ̀n yín. Nígbà tí irin bá ń dán bí ọsàn pípọ́n ni ẹ ó máa lù ú lórí owú. Bí pípọ́n rẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ dá a padà sínú èédú, torí pé òòlù tí ẹ bá tún lù ú lẹ́yìn ìgbà yẹn lè là á. Bí ó bá sì ti ń ta ẹ̀ta iná funfun, ó ti ń jóná nìyẹn. Ìdí nìyí tí ilé arọ fi máa ń ṣú díẹ̀: nínú oòrùn gangan, ojú kò lè mọ àwọ̀ irin dáadáa. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń fi ẹ̀mú di irin mú ṣinṣin kí ẹ tó gbé òòlù ńlá, torí ẹ̀mú tí kò bá irin mu ló ń fa ọ̀pọ̀ ìjàǹbá.

Jíjó irin pọ̀ dé inú iṣẹ́ ère láti ilé iṣẹ́ ọkọ̀. Julio González, oníṣẹ́ ère ará Sípéènì, kọ́ ọ nílé iṣẹ́ Renault ní ọdún 1918, ó sì bá ayàwòrán Picasso ṣe ère onírin ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà. David Smith, oníṣẹ́ ère ní Amẹ́ríkà, náà kọ́ iṣẹ́ irin nílé iṣẹ́ Studebaker ní ọdún 1925. Mo mẹ́nu bà á nítorí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní àǹfààní láti jókòó ti wẹ́dà fún ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn kan: iṣẹ́ yẹn kì í ṣe ohun tó wà lẹ́yìn òde ọnà. Ní ilé-ẹ̀kọ́, ẹ fi àjákù pẹlẹbẹ irin ṣe ìdánrawò, kí ẹ máa fa ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn títí ìlà náà yóò fi dọ́gba, kí ẹ tó jó ohunkóhun tí ẹ fẹ́ fi hàn. Ìmọ́lẹ̀ iná mànàmáná tí a fi ń jó irin lè ba ojú jẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ìrora rẹ̀ sì lè má dé títí di òru, tí ojú yóò wá máa ta bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Ẹ máa gbé ìbòjú wọ̀ kódà nígbà tí ẹ bá ń wo ẹlòmíràn. Ẹ má ṣe jó irin tí wọ́n fi síǹkì bò. Síǹkì ń hó ní 907°C, irin kì í yọ́ títí yóò fi dé 1538°C, nítorí náà síǹkì yóò ti di èéfín kí irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ẹni tó bá fa èéfín náà símú yóò sì máa gbọ̀n pẹ̀lú ibà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Dída idẹ

Èyí ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà tó gba sùúrù jù, òun sì ni mo fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ní ẹ̀ẹ̀kan ó kéré tán, torí pé ẹ lè má tún rí ààyè bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́. Ìda ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó fi ìda ṣe iṣẹ́ náà, tàbí kí ẹ da ìda yíyọ́ sínú mọ́ọ̀dù kí ara rẹ̀ lè tẹ́ẹ́rẹ́, kí inú rẹ̀ sì ṣófo. Ẹ ó wá fi ọ̀pá ìda ṣe ọ̀nà tí idẹ yóò gbà wọlé àti ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ yóò gbà jáde, kí ẹ tó fi POP tí a pò mọ́ iyanrìn bo gbogbo rẹ̀, tàbí kí ẹ máa kì í bọ inú omi amọ̀ àkànṣe, kí ẹ sì máa wọ́n iyanrìn sí i ní ìpele-ìpele. Nígbà tí ó bá wọ ìléru, ìda yóò yọ́ jáde, ihò tó fi sílẹ̀ ni idẹ yóò sì kún.

Ẹ wọn ìda náà lórí òṣùwọ̀n kí ẹ tó bò ó, pẹ̀lú gbogbo ọ̀pá tó wà lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ kìlógíráàmù 1, kí ẹ pèsè idẹ tó tó kìlógíráàmù 10, nítorí pé idẹ wúwo ju ìda lọ ní ìlọ́po tó súnmọ́ mẹ́wàá, ó sì dára kí ó ṣẹ́ kù ju kí ó má tó lọ. Idẹ tí ó bá tán ní àárín ìdà kò ṣeé fi òmíràn kún: ìpele méjèèjì kò ní gbá ara wọn mú. Ìṣirò yìí tún ni yóò sọ fún yín iye tí iṣẹ́ náà yóò ná yín, ọ̀pọ̀ ni ó sì máa ń dín bí iṣẹ́ wọn ti tóbi tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe é.

Ohun tí ẹ fẹ́ dà náà ní ìwà tirẹ̀. Bàbà pọ́ńbélé ń yọ́ ní 1085°C, ó ki, ó sì máa ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra, nítorí náà ó ṣòro láti dà. Bí a bá fi tánńganran tàbí síǹkì pò ó, yóò yọ́ ní ooru tó kéré sí ìyẹn, yóò sì ṣàn wọ igun kéékèèké. Ẹni tó bá ti gbìyànjú rẹ̀ ni yóò mọ ohun tí àwọn tó da ìbòjú tí a mọ̀ mọ́ Ọbalùfọ̀n ní Ifẹ̀ ṣe, nítorí bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pọ́ńbélé ni wọ́n fi dà á. Alumíníọ̀mù, tó ń yọ́ ní 660°C, ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ fi ń kọ́ àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìdà, omi ni ọ̀tá. Ẹ̀kán omi kan tó bá wà nínú mọ́ọ̀dù tàbí lára irinṣẹ́ tí wọ́n kì bọ inú idẹ yíyọ́ yóò di oru lójú ẹsẹ̀, yóò sì fọ́n idẹ náà ká. Nítorí náà, wọ́n máa ń gbé mọ́ọ̀dù gbóná, wọ́n máa ń yá gbogbo irinṣẹ́ lórí iná, orí iyanrìn gbígbẹ ni wọ́n sì ń dúró lé dípò kọnkéré, torí pé kọnkéré ní omi nínú, ó sì lè bú. Aṣọ òwú tàbí awọ ni ẹ ó wọ̀, kì í ṣe aṣọ ọ̀rá tó ń yọ́ mọ́ ara, ẹ ó sì jẹ́ kí ṣòkòtò bo ẹnu bàtà kí idẹ má baà já sínú rẹ̀. Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ mọ ipò rẹ̀ kí wọ́n tó gbé ìkòkò idẹ, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò sì máa pàṣẹ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ kàn wò ní àkọ́kọ́, ẹ wò ó pẹ̀lú gbogbo ọkàn: ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn tó gbé e, bí wọ́n ṣe ń rìn bákan náà, àti bí ẹni tó ń dà á kì í ṣe dáwọ́ dúró ní àárín.

Lẹ́yìn ìdà ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kò rò tẹ́lẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó fọ́ mọ́ọ̀dù, ẹ ó gé àwọn ọ̀pá kúrò, ẹ ó dí ihò, ẹ ó fá ojú rẹ̀, ẹ ó sì wá fún un ní àwọ̀ pẹ̀lú iná àti oògùn: iyọ̀ bàbà sábà máa ń mú àwọ̀ ewé wá, iyọ̀ irin a sì máa mú àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ pupa wá. Láti orí ìda dé orí àwọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò pọ̀ jù fún iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ ka ọ̀sẹ̀ yín sẹ́yìn láti ọjọ́ tí ẹ ó fi iṣẹ́ náà hàn, kí ẹ sì gba ààyè nídìí ìléru ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, nítorí pé nígbà tí sáà bá ń parí lọ, gbogbo ènìyàn ló ń wá a.

Ẹ̀dọ̀fóró yín àti ọjọ́ ogbó yín

Iná máa ń bani lẹ́rù, nítorí náà ènìyàn a máa ṣọ́ra fún un. Eruku kì í bani lẹ́rù, òun ló sì burú jù. Eruku amọ̀ gbígbẹ, eruku òkúta àti èyí tó ń jáde láti ara mọ́ọ̀dù tí a fọ́ ní yanrìn tó kúnná nínú, tó máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró tí kì í sì í jáde mọ́. Ẹ má ṣe fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá ilẹ̀ yàrá iṣẹ́, omi àti aṣọ ni kí ẹ lò. Ẹ ra ìbomú tó bá ojú yín mu gan-an, kí ẹ máa pààrọ̀ asẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì mọ̀ pé irùngbọ̀n kì í jẹ́ kí ó lẹ̀ mọ́ ojú. Ẹ máa so irun mọ́lẹ̀, kí ẹ bọ́ òrùka, kí ẹ má sì ṣe wọ ìbọ̀wọ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń yí, torí yóò fa ọwọ́ wọlé.

Ìwé, ojú àti ọ̀rọ̀

Ẹ ní ìwé kan tí kò ní kúrò lápò yín nínú yàrá iṣẹ́. Ẹ máa kọ ohun tí ẹ pò pọ̀, ìwọ̀n ooru, iye ìṣẹ́jú, àti ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí ẹ kò kọ sílẹ̀ nípa àwọ̀ idẹ kan tó dára, ẹ kò ní lè tún un ṣe. Kí ẹ máa ya àwòrán nínú rẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ ya nǹkan kan náà láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́, láti òkè àti láti ẹ̀yìn, nítorí pé ẹni tó bá ń ya iwájú nìkan yóò máa ṣe ère tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní nǹkan lórí.

Nígbà tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́, ẹ máa yí i po. Ẹ gbé e sórí ohun tó ń yí, kí ẹ yí i díẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ sì máa rìn jìnnà sí i. Ẹ gbé iná kan lọ sókè, sí ẹ̀gbẹ́ àti sísàlẹ̀ kí ẹ lè rí ohun tí òjìji ń ṣe. Ẹ tètè ronú nípa ohun tí yóò dúró lé. Oníṣẹ́ ère Constantin Brancusi máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ àwọn ère rẹ̀ pẹ̀lú igi àti òkúta, ó sì ń ka ìpìlẹ̀ náà mọ́ ara iṣẹ́. Iṣẹ́ mìíràn kò nílò ìpìlẹ̀ rárá. El Anatsui, oníṣẹ́ ère ọmọ Gánà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì tó wà ní Nsukka ní ọdún 1975, fi wáyà bàbà so ìdérí ìgò ọtí pọ̀ di ohun ńlá tó ń rọ̀ lára ògiri, tí wọ́n sì lè so kọ́ lọ́nà mìíràn níbi mìíràn. Ní ọdún 2015, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà níbi ìpàtẹ ọnà ńlá ti Venice, ní Ítálì, fún iṣẹ́ ìgbésí ayé rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó àtira idẹ yẹ kí ó wo iṣẹ́ rẹ̀ tìṣọ́ratìṣọ́ra, kí ó má ṣe wo ohun tí wọ́n fi ṣe é nìkan, kí ó wo bí ègé kéékèèké ṣe ń di ohun kan ṣoṣo.

Ní ìpàdé tí gbogbo kíláàsì ti ń yẹ iṣẹ́ ara wọn wò, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àlàyé. Ẹ jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn yí i po ní àkọ́kọ́, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹni mẹ́ta bá dúró sí ibì kan náà tí wọn kò sì lọ sí ẹ̀yìn, iṣẹ́ náà ti sọ nǹkan kan fún yín. Kọ̀ǹpútà àti 3D printer (ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan jáde ní ìpele-ìpele) wúlò láti dán ìwọ̀n wò àti láti ṣe ègé tí a ó fi ìda dà, ṣùgbọ́n kò sí ìwúwo lójú kọ̀ǹpútà, ohun tó dúró níbẹ̀ lè ṣubú lórí ilẹ̀.

Ọdún àṣekẹ́yìn

Ẹ yan iṣẹ́ tó mọ níwọ̀n tí ẹ lè parí dáadáa. Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ àti ti gbọ̀ngàn ìpàtẹ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ mọ iye ènìyàn tí yóò gbé e, kí ẹ sì ṣe é ní ègé tí a lè tú bí ó bá tóbi. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ dáadáa ní ọjọ́ tí ìpàtẹ ṣí, torí pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ẹ ó ní láti gbé e kúrò, ó sì lè má sí ibi tí ẹ ó gbé e sí.

Kí ẹ tó jáde, ẹ bi àwọn ọ̀gá yàrá iṣẹ́ pé ibo ni àwọn tó ti jáde tẹ́lẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan ń ran àwọn tó ń da idẹ lọ́wọ́, àwọn kan ń ṣe ohun ọ̀ṣọ́, àwọn kan ń ṣe ẹ̀dà àti àtúnṣe ère fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àwọn kan ń kọ́lé àti ohun èlò fún eré orí ìtàgé àti fíìmù, àwọn mìíràn sì dáwó jọ láti yá ibì kan tí wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ pọ̀. Ẹ kó gbogbo mọ́ọ̀dù tó ṣì dára lọ, ẹ kọ orúkọ iṣẹ́, ọdún àti ohun èlò sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gbé e sí ibi tó gbẹ, nítorí láti inú mọ́ọ̀dù kan ẹ ṣì lè da ìda mìíràn ní ọjọ́ tí ẹ bá tún rí ìléru.